Olè Tí Kì Í Wá Lójoojúmọ́

Bí ènìyàn bá jí ní kùtùkùtù òwúrọ̀, tí ó wẹ̀, tí ó wọṣọ, tí ó kí ará ilé pé ó dàbọ̀, tí ó wá jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀, tí ó ti kọ́kọ́rọ́ bọ ojú ihò, tí ó yí i, tí kò sì gbọ́ ohun mìíràn ju kẹ́-kẹ́-kẹ́ bí ẹni ń fi èékánná lu páànù, olúwa rẹ̀ kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè kí ó tó mọ̀ pé bátìrì òun ti kú. Èyí kì í ṣe ìròyìn tuntun létí ẹni tí ó ti ní ọkọ̀ rí. Ṣùgbọ́n oríṣi ikú kan wà tí bátìrì ń kú, tí ó yàtọ̀ sí èyí tí gbogbo wa mọ̀: òun ni ti bátìrì tí ń kú lónìí tí ń jí lọ́la, tí yóò fi ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣe dáadáa bí ọmọ tí a kọ́ tí ó gbọ́, tí yóò sì dákẹ́ lọ gbári ní ọjọ́ kẹwàá, ọjọ́ tí aboyún ń rọbí nínú ilé tàbí tí a ń dúró dè wá ní ìlú mìíràn. Irú bátìrì bẹ́ẹ̀ bá mi fínra fún oṣù mẹ́rin gbáko. Owó tí mo ná kí n tó mọ ibi tí ọ̀ràn ti ń wá kò kéré, n kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn ná irú rẹ̀; ìdí nìyí tí mo fi mú gègé.

Ìbàdàn ni mò ń gbé, nílé Olúyọ̀lé, ìlú tí oríkì rẹ̀ kò ṣàì dárúkọ olè àti olóhun. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni ọkọ̀ mi, ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n ti ṣe é, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ dá ṣáṣá, kò sì mu epo ju bí ó ti yẹ lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni ó kọ́kọ́ kọ̀ láti dáhùn. Aládùúgbò mi fi wáyà so bátìrì tirẹ̀ mọ́ tèmi, ọkọ̀ dáhùn, mo sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Ní ọjọ́ kọkànlá ó tún ṣe é. Mẹkáníìkì tí mo pè wò ó, ó ní bátìrì ti gbó, mo ra tuntun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò pé tí tuntun náà fi kú. Ẹnì kejì dé, ó ní ọ́tánétọ̀ ni kò ṣájì bátìrì dáadáa mọ́, a pààrọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ sì fi ọjọ́ mẹ́jọ ṣe bí ẹni pé ara rẹ̀ ti yá. Nígbà tí ó tún kú, ẹnì kẹta búra pé ayédèrú ni bátìrì tí wọ́n tà fún mi, mo gbà á gbọ́, mo gbé èyí tí ó kú sí kọ̀rọ̀ ilé, mo sì ra òmíràn, tí ó di bátìrì kẹta nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo láàárín oṣù mẹ́ta. Nígbà tí ẹ̀kẹta náà dákẹ́ ni mo tó mọ̀ pé à ń na ẹni tí a jà lólè, ẹni tí ó jalè sì ń wò wá láti ẹ̀yìn ògiri.

Ọ̀rẹ́ mi kan ni ó júwe bàbá kan fún mi ní ìhà Òkè-Àdó, ọ̀kan nínú àwọn àgbà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kìkì iná ọkọ̀, àwọn tí à ń pè ní rìwáyà. Bàbá náà yóò tó ẹni 70 ọdún. Kékeré ni ó ti wà ní ìdí iṣẹ́, láti ìgbà tí àwọn ọmọ ọkọ̀ ṣì ń ti irin gígùn bọ imú bọ́ọ̀lẹ̀kájà, tí wọ́n ń fi agbára apá yí i kí ẹ́ńjìnnì tó jí, tí irin náà sì ń ṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yí. Mo ro ẹjọ́ mi fún un láti òkè délẹ̀, pẹ̀lú bátìrì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti ọ́tánétọ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó ní:

“Ọmọ mi, gbogbo yín ni ẹ ń béèrè pé kí ni ó ṣe bátìrì. Kò sí ẹni tí ó béèrè pé ta ni ó ń jẹ ẹ́ lóru.”

Kí ìbéèrè yìí lè yé òǹkàwé bí ó ti yé mi nígbẹ̀yìn, ó yẹ kí a mọ ohun tí bátìrì jẹ́. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Gaston Planté, ni ó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 1859, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì lá àlá ọkọ̀ tí a ń rí lójú pópó lónìí. Abẹ́bẹ́ òjé ni ó rì sínú ásíìdì, títí di òní olónìí sì ni ọ̀pọ̀ bátìrì ọkọ̀ wa ṣì jẹ́ òjé àti ásíìdì. Yàrá mẹ́fà ni ó wà nínú rẹ̀, yàrá kọ̀ọ̀kan ń mú fólítì 2 àti díẹ̀ jáde, èyí ni ó fi jẹ́ pé bátìrì tí ó yó, tí a sì jẹ́ kí ó sinmi, máa ń fi bí fólítì 12.6 hàn lójú mítà. Bí ó bá fi 12.2 hàn, ìdajì oúnjẹ inú rẹ̀ ti lọ. Bí ó bá sì wálẹ̀ sí 11.8, kò sí ohun kan nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ kíyè sí i pé láti yíyó dé òfìfo kò tó fólítì kan. Ẹni tí ó bá rí 12 lójú mítà rẹ̀ tí ó sì ní ‘bátìrì mi pé 12’ ń fi ọwọ́ pa ikùn ẹni tí ebi ń pa, ó ní ó ti yó.

Iṣẹ́ tí ó tóbi jù tí bátìrì ń ṣe ni kí ó yí ẹ́ńjìnnì ní òwúrọ̀, iṣẹ́ tí Charles Kettering gbà lọ́wọ́ apá ènìyàn ní Amẹ́ríkà, tí ó fi jẹ́ pé ní ọdún 1912 ni ọkọ̀ Cadillac fi sítátà oníná jáde fún ọjà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti jí, ọ́tánétọ̀ ni yóò máa dá ohun tí a ná padà sínú àká, ní ìwọ̀n bí fólítì 13.8 sí 14.5. Ṣùgbọ́n bí a bá pa ọkọ̀ tí a sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀, oúnjẹ jíjẹ kò tán. Aago ṣì ń ka wákàtí, rédíò ń rántí ibi tí a yí i sí, ẹ̀rọ aṣọ́kọ̀ ń la ojú sílẹ̀, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ náà kò sì gbàgbé ohun tí a kọ́ ọ. Oúnjẹ òru nìyí, ó sì tọ́ sí wọn. Nínú ọkọ̀ tí ara rẹ̀ dá, kò yẹ kí gbogbo rẹ̀ ju ìdá 50 nínú ẹgbẹ̀rún áńpù kan lọ. Bí a bá ṣírò rẹ̀ fún bátìrì áńpù-wákàtí 60, irú èyí tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré ń lò, a ó rí i pé áńpù-wákàtí 1.2 ni wọ́n ń jẹ lójúmọ́, ọkọ̀ náà sì lè dúró sójú kan bí ọjọ́ 25 kí bátìrì tó já dé ìdajì.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí gílóòbù kékeré inú búùtù, èyí tí kò ju wáàtì 5 lọ, máa tàn tọ̀sán-tòru láìsí ẹni tí ó mọ̀. Ìyẹn kò tó ìdajì áńpù, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì jẹ áńpù-wákàtí 10 láàárín ọjọ́ kan. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá fi pé, bátìrì ti já dé ìdajì. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Àwọn baba wa wo irú iná yìí lójú sánmà, wọ́n fi orúkọ mànàmáná pè é, wọ́n sì kà á sí ti Ṣàngó. Ère Ṣàngó tí Ben Enwonwu fi idẹ ṣe sì wà níwájú ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ní Marínà l’Ékòó. Ṣùgbọ́n Ṣàngó Olúkòso kì í jà láìbú ramúramù, gbogbo ayé ni í gbọ́. Èyí tí ń jáde lára bátìrì lóru kò bú, kò kọ, kò sì rùn.

Bí ó bá jẹ́ pé lójoojúmọ́ ni olè yìí ń wá, iṣẹ́ rìwáyà ìbá rọrùn: yóò gbé mítà rẹ̀ wá ní ọ̀sán, yóò wọn iná tí ń jáde, yóò máa yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí iye náà yóò fi já wálẹ̀, yóò sì mọ ojú ọ̀nà tí iná ń gbà lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn mẹkáníìkì mẹ́ta àkọ́kọ́ ṣe, mítà wọn sì ń fi hàn pé kò sí nǹkan kan. Wọn kò purọ́. Kò sí nǹkan kan lóòótọ́, ní ọ̀sán náà. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Kí ọjọ́ olóhun sì tó dé, ó ní láti mọ irú ọjọ́ tí olè fẹ́ràn.

Nítorí náà, irinṣẹ́ tí bàbá kọ́kọ́ ní kí n lọ rà kì í ṣe ohun tí mo ń retí. Ó ní kí n ra ìwé ìkọ̀wé ọmọ iléèwé.

Mo ní, “Bàbá, ìwé kẹ̀?”

Ó ní, “Ìwé. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Ìwọ ti wá ń wò ó láti oṣù mẹ́ta, kí ni o rí?”

N kò ní èsì. Ó kọ́kọ́ gba bátìrì lọ́wọ́ mi, ó ṣájì rẹ̀ ní àjẹyó, ó gbé e sórí pákó láìso ó mọ́ ohunkóhun fún ọjọ́ méjì. Bí bátìrì bá já wálẹ̀ níbẹ̀, a jẹ́ pé inú ara rẹ̀ ni àrùn wà, kò sí olè kankan. Ṣùgbọ́n kò já. Ó dá a padà sínú ọkọ̀, ó sì ní láti alẹ́ ọjọ́ náà kí n máa kọ ohun gbogbo sílẹ̀: ìgbà tí mo pa ọkọ̀, ibi tí mo gbé e sí, bóyá òjò rọ̀ tàbí oòrùn mú, ẹni tí ó ṣí ilẹ̀kùn kẹ́yìn, ohun tí a gbé sí búùtù, bóyá mo tan rédíò tàbí éésì, àti iye tí mítà kà lórí bátìrì ní òwúrọ̀ kí n tó fi ọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Mo ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bátìrì kú lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárín rẹ̀. Nígbà tí a jókòó ti ìwé náà, bàbá fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan, ó sì dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo ti lo éésì ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, tí mo sì lò ó pẹ́ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, tí oòrùn ń ràn, tí n kò sì pa á títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà ilé. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà, nítorí ọjọ́ méjì wà tí mo lo éésì tí ọkọ̀ sì dáhùn ní òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí bátìrì kú láìjẹ́ pé mo lò ó. Ìwé tí mo rà ní owó táṣẹ́rẹ́ ni ó kọ́kọ́ rí ipa ẹsẹ̀ olè tí bátìrì mẹ́ta àti ọ́tánétọ̀ kan kò rí.

Ìṣọ́ òru ni ó kù, ibẹ̀ ni mo sì ti rí ọgbọ́n tí ó wù mí jù nínú iṣẹ́ náà. Ọkọ̀ òde òní kì í sùn lójú ẹsẹ̀ tí a bá pa á. Àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké inú rẹ̀ yóò ṣì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, òmíràn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òmíràn fún ọgbọ̀n, òmíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọn yóò sì máa jẹ iná púpọ̀ kí oorun tó gbé wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ṣí ilẹ̀kùn, gbogbo wọn tún jí. Bí a bá yọ fíúsì kan tí a sì dá a padà, a ti jí àwọn kan nínú wọn. Ẹni tí ó bá gbé mítà síbẹ̀ ní ìṣẹ́jú kejì tí ó pa ọkọ̀, tí ó rí áńpù kan tàbí méjì, tí ó pariwo pé òun ti mú olè, àwọn ọmọ ilé tí kò tíì sùn ni ó mú.

Bàbá dé ilé wa ní ìrọ̀lẹ́. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ó wá fi ìdí súkúdíráfà ti ahọ́n lọ́ọ̀kù ara ilẹ̀kùn náà títí tí ó fi dún kà, tí ọkọ̀ fi gbà pé ilẹ̀kùn ti tì nígbà tí ó ṣì wà ní ṣíṣí. Ó ní kí n gbé kọ́kọ́rọ́ lọ sínú ilé, nítorí ọkọ̀ mìíràn wà tí kì í sùn bí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bá wà nítòsí. Ó bọ́ òrùka ọwọ́ rẹ̀ sínú àpò, nítorí irin tí ó bá kan orí bátìrì méjèèjì pọ̀ lè gbóná pípọ́n kí a tó ṣẹ́jú. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣáná nítòsí, nítorí afẹ́fẹ́ tí ń jáde lára bátìrì tí a ń ṣájì a máa bú gbàù. Orí nẹ́gétíìfù ni ó kàn, kò fi ọwọ́ kan pọ́sítíìfù rárá. Ṣùgbọ́n kàkà kí ó kàn tú u kí ó sì fi mítà sí àárín, ó kọ́kọ́ fi wáyà mìíràn so orí bátìrì mọ́ irin ọkọ̀, kí iná má bàa já nígbà tí ó bá ń tú orí náà. Ìgbà tí ó ti so mítà sí ojú ọ̀nà tán ni ó tó yọ wáyà náà kúrò. Mo béèrè ìdí rẹ̀. Ó ní bí iná bá já ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, ohun tí ó ti há sínú ọkọ̀ lè tú ara rẹ̀ sílẹ̀, a ó sì fi ọwọ́ ara wa lé olè lọ kí a tó rí ojú rẹ̀. Ó tún kìlọ̀ fún mi gidigidi pé n kò gbọdọ̀ yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ nígbà tí mítà bá wà níbẹ̀, nítorí áńpù 10 ni mítà náà lè gbé, sítátà sì ń fa ọgọ́rùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

A jókòó. Láàárín wákàtí kan, iye ojú mítà rọra ń wálẹ̀ títí ó fi dúró sí 0.03. Ọkọ̀ ti sùn, oúnjẹ òru rẹ̀ sì wà ní ìwọ̀n. Ní alẹ́ kejì, bákan náà. Mo ti ń rò ó pé bóyá n kò ní rí i mú láéláé, nígbà tí bàbá ní kí n wa ọkọ̀ lọ sí Òjòó kí n sì padà ní ọ̀sán gangan, kí n tan éésì, kí n má ṣe pa á títí n óò fi dé.

Ní alẹ́ kẹta yìí, wákàtí kan kọjá, mítà kò kúrò ní 3.6.

Áńpù 3.6 láti aago mẹ́jọ alẹ́ sí aago mẹ́fà òwúrọ̀ jẹ́ áńpù-wákàtí 36, ó ju ìdajì bátìrì 60 lọ. Ìṣírò náà bá ikú gbogbo tí ó wà nínú ìwé mi mu. Ọwọ́ mi ti ń yún mi láti yọ fíúsì éésì kíákíá, ṣùgbọ́n bàbá dì í mú. Gbogbo aláǹgbá ni ó danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Fíúsì bí ogójì ni ó wà nínú ọkọ̀ mi, ó sì fẹ́ mọ èyí tí ó jẹ̀bi láìyọ ọ̀kan nínú wọn. Ó mú mítà kejì, ó yí i sí ibi tí ń ka ìdá ẹgbẹ̀rún fólítì. Lórí fíúsì kọ̀ọ̀kan, ojú irin kéékèèké méjì wà lókè tí a fi sílẹ̀ fún irú àyẹ̀wò yìí. Bí iná kò bá gba inú fíúsì kọjá, ojú méjèèjì dọ́gba, mítà yóò ka òfo. Bí iná bá ń kọjá, irin tín-ín-rín inú fíúsì náà yóò dí i lọ́nà díẹ̀, yóò sì fi ìyàtọ̀ kékeré sílẹ̀ láàárín ojú kìíní àti èkejì, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó gba orí erùpẹ̀ tútù kọjá ti í fi àmì àtẹ́lẹsẹ̀ sílẹ̀. Bàbá ń fi ẹnu wáyà mítà kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, òfo, òfo, òfo, àwọn díẹ̀ tí kò pé ìdá kan. Nígbà tí ó dé ọ̀kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, mítà fò sí 27. Fíúsì kọ̀m̀púrẹ́sọ̀ éésì ni.

Ó ní kí n fi ìka kan àwọn rìléè tí ó wà nínú àpótí kan náà. Alẹ́ ti tutù, ọkọ̀ sì ti fi wákàtí púpọ̀ dúró, gbogbo wọn tutù bí òkúta odò, àfi ẹyọ kan tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹyin tí adìyẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. Rìléè ni oníbodè iná. Iná kékeré ni ó ń pàṣẹ fún un, tí yóò fi ṣílẹ̀kùn fún iná ńlá. Bí àṣẹ bá sì dópin, sípíríǹgì inú rẹ̀ yóò fa ilẹ̀kùn padà tì. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn náà bá ń ṣí tí ó ń tì, iná a máa ta pàrà láàárín irin méjì tí ń pàdé, lẹ́yìn ọdún púpọ̀ irin náà yóò jó, yóò rí gbágungbàgun, bí ooru bá sì mú un púpọ̀, èkíní yóò lẹ̀ mọ́ èkejì bí ẹni jó wọn pọ̀. Bí a bá pa ọkọ̀ nígbà náà, àṣẹ ti dópin, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kò tì, bátìrì yóò sì máa bọ́ máágínẹ́ẹ̀tì orí kọ̀m̀púrẹ́sọ̀ láti alẹ́ dé òwúrọ̀, láìsí ariwo, nítorí ẹ́ńjìnnì tí ìbá yí i kò ṣiṣẹ́. Bí òtútù òru bá sì fún irin náà, ó lè já fúnra rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bóyá ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ méjì tí bátìrì kò kú nìyẹn. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí ẹni tí ó wá yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀sán kò fi bá nǹkan kan: fífi wáyà jí ọkọ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì tí a ṣí, ọwọ́ tí ó kan àpótí fíúsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn lè gbọn ilẹ̀kùn náà padà sí ipò.

Bàbá fi ìdí súkúdíráfà rẹ̀ kan rìléè náà lórí, pẹ́. A gbọ́ tí ó dún kà nínú. Mítà já láti 3.6 sí 0.03.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ni rìléè ń ṣe báyìí, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ìwé yìí tán kí ó sáré lọ pààrọ̀ tirẹ̀. Nínú ọkọ̀ mìíràn, gílóòbù búùtù tàbí ti àpótí iwájú èrò ni, tí ìdérí rẹ̀ kì í tì dáadáa bí ẹrù bá wà níbẹ̀. Nínú òmíràn, inú ọ́tánétọ̀ ni iná ti ń sá padà, nítorí ohun tí ń jẹ́ kí iná máa lọ sí ìhà kan ṣoṣo ti bàjẹ́. Bàbá sọ fún mi pé ẹ̀rọ aṣọ́kọ̀ àti ẹ̀rọ atọpa ọkọ̀ tí a so mọ́ wáyà lọ́nà wúruwùru lẹ́yìn tí ọkọ̀ dé ilẹ̀ yìí ni òun kọ́kọ́ máa ń fura sí, mo sì gbà fún un. Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn òjò nìkan ni bátìrì ń kú, ẹ wá omi nínú wáyà. Ìwé ìkọ̀wé ni yóò sọ èyí tí ó jẹ́ tiyín.

Àwọn ìmọ̀ràn méjì kan wà tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn nígbà náà tí mo lòdì sí tọkàntọkàn. Èkíní ni kí n ra bátìrì tí ó tóbi ju ti ọkọ̀ lọ, èyí tí ó dà bí kí a kọ́ àká ńlá fún olè kan náà. Èkejì ni kí n máa tú orí bátìrì lálaalẹ́. Èyí lè gba ènìyàn sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tí kò bá rí rìwáyà, ṣùgbọ́n kò wo àrùn kankan, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yóò máa gbàgbé ohun tí ó mọ̀, orí bátìrì yóò sì tú dànù kẹ́yìn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ni ó ṣì ń dùn mí. Bátìrì kejì, tí ẹnì kẹta pè ní ayédèrú, tí mo gbé sí kọ̀rọ̀ ilé ní òfìfo fún oṣù kan àti ààbọ̀, kì í ṣe ayédèrú. Bátìrì òjé tí ó bá pẹ́ láìjẹun, ohun funfun a máa dì mọ́ abẹ́bẹ́ inú rẹ̀, a sì máa le títí tí ṣájì kò fi ní ràn án mọ́. Bàbá gbìyànjú ọjọ́ mẹ́ta lórí rẹ̀, kò jí. Ẹ̀yin tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, mo bẹ̀ yín, bí ẹ kò bá tilẹ̀ tíì mọ olè, ẹ ṣájì bátìrì tí ó kú ní ọjọ́ tí ó kú gan-an.

Ìhà Gate, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ n’Ìbàdàn, ni mo ti ra rìléè tuntun. Owó rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ogún owó bátìrì kan. Ó ti di oṣù méje báyìí, mo sì ń lo éésì bí oòrùn bá ti ràn. Ní òwúrọ̀ yìí, kí n tó jókòó láti kọ̀wé, mo gbé mítà lé orí bátìrì kẹta náà: 12.6 ni ó kà.